Ṣíbí Màmá Mi Nínú Odò Thames

Ní òwúrọ̀ àná, bí mo ṣe ń rìn lọ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etí odò kọjá ní Thamesmead, mo gbọ́ ìró kan tó dá mi dúró. Ìró kékeré ni. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ká okùn ìwọ̀ ló kọ́kọ́ ké kírírírí, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan já sómi, tó! Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní bojú wẹ̀yìn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo di irin etí odò mú, mo sì dúró bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó àgbà kan, ọmọ wa ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì nínú wọn ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà lábẹ́ kóòtù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé ni, dípò kí wọ́n lọ sùn, odò ni wọ́n bá lọ. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n kí mi pé, "Mummy, ẹ káàárọ̀ mà." Ọmọbìnrin àárín wọn sì fi kún un pé, "Ẹ bá wa gbàdúrà o. Àwọn ẹja yìí ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìdájí." Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sókè, ó sì jù ú bí ẹni tó ń sọ òkò sí máńgòrò. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Ọmọ mi, má sọ ọ́ lókò. Rọra jù ú síbi tí omi ti ń bọ̀, jẹ́ kó rì díẹ̀, kó o wá máa fà á bí ẹja kékeré tí ẹ̀rù ń bà." Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ah ah, Mummy! Níbo lẹ ti kọ́ fishing?"

Òtútù kò jẹ́ kí n lè dúró ṣàlàyé. Ìdí tí mo fi jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná ọmọ mi lónìí nìyí, kí n lè fi ìwé dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ, fún ọmọbìnrin yẹn, àti fún ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ rò pé àìpẹ́ yìí ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí gbé lágbègbè yìí.

Èmi náà ti jẹ́ ọmọ Woolwich, ìtòsí ibí, rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá tàbí kó dín díẹ̀, èmi àti àwọn òbí mi ń gbé lókè ilé kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè Woolwich Dockyard. Bí rélùwéè bá ń kọjá, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Káyọ̀dé, wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ìyá wa ní Ìsẹ́yìn. Nítorí náà, Bàbá Káyọ̀dé àti Ìyá Káyọ̀dé ni àwọn òbí mi ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ó máa ń dùn mí díẹ̀ nígbà náà. Ó ti tán nínú mi báyìí.

Màmá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe wáyà, wọ́n sì ń kàwé nírọ̀lẹ́ kí wọ́n lè di akáǹtáǹtì. Níbi iṣẹ́ náà, orúkọ bàbá mi, Adémọ́lá, ṣòro fún àwọn èèyàn láti pè. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ gbìyànjú mọ́, Jọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Bàbá mi kì í ṣe Jọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á kàwé, wọ́n á sùn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í ju ìkúnwọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, èèyàn mìíràn ló ń jí. Á máa súfèé, á máa wá bàtà, á máa bi mí bóyá mo ti jẹ búrẹ́dì mi tán. Odò ń pè é.

Ìletò kan létí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti bí bàbá mi, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Àwọn ará ibẹ̀ mọ bí a ṣe ń tan ẹja jẹ láìlo ekòló. Ìyẹ́ adìyẹ funfun ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀, wọ́n á fi òwú pupa dè é lọ́rùn, bí wọ́n bá wá ń fà á nínú omi, ẹja ńlá á rò pé ẹja kékeré ló ń sá lọ. Ìjẹ ayédèrú ni bàbá mi ń pè é. Ní Woolwich, wọ́n tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta adìyẹ lọ́jà, wọ́n sì yọ òwú pupa nínú àpótí ìránṣọ màmá mi láìtọrọ ohunkóhun. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé ohun tó ń dán á tún fa ẹja mọ́ra ju ìyẹ́ lọ. Bí ṣíbí tíì ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dín nìyẹn. Bàbá mi á gé ọwọ́ ṣíbí kúrò, wọ́n á lu ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á so ìwọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá gbé e sójú oòrùn, á máa kọ mànà bí ẹja tó ń yí ìhà padà. Iṣẹ́ ọnà gidi ni. Ṣùgbọ́n lára ẹ̀bùn ìgbéyàwó màmá mi ni àwọn ṣíbí náà wà, wọ́n sì fín òdòdó kékeré sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ṣíbí mi tún ti sọnù," ni màmá mi á wí. "Ṣé eku ilé yìí náà ń mu tíì ni?"

"Eku Lọ́ńdọ̀nù," ni bàbá mi á fèsì láì gbójú sókè nínú ìwé wọn, "ọ̀làjú ni gbogbo wọn."

Ibi tí a ti ń pẹja ni ògiri àtijọ́ tó wà létí odò níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé ọba wọn. Àtẹ̀gùn òkúta kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri náà wọnú omi, ewédò ti bò ó, ó sì ń yọ̀. Kì í ṣe bàbá mi ló wá ibẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Lẹn ló mú wọn débẹ̀. Lẹn ti ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi fẹ̀yìn tì, fìlà kan náà ló ń dé nígbà òtútù àti nígbà ooru, ó sì máa ń wúkọ́ kó tó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ló rí bàbá mi tó dúró tó ń wo odò bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lókèèrè. Ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń pẹja. Bàbá mi ní àwọn ti ń pẹja rí. Lẹn ní, "Ta ló ń bi ọ́ nípa 'rí'?" Ó sì mú wọn lọ síbi àtẹ̀gùn náà. Ó fi hàn wọ́n pé bí omi òkun bá ń ti odò padà wọlé, tí omi ń kún bọ̀, àwọn ẹja kéékèèké á sá wá fi ẹsẹ̀ ògiri ṣe ibi ààbò, àwọn ńlá á sì tẹ̀ lé wọn. Lẹn náà ló gbìyànjú orúkọ bàbá mi. Mọ́lá ni ó ń pè wọ́n. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ti dé ìtòsí. Bàbá mi ní tiwọn kò lè la ẹnu pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, nítorí náà Bàbá Lẹn ni wọ́n ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kẹta wọn ni Tẹ́rì, ọ̀dọ́kùnrin kan tó sanra, tó ń gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun ló ń ru fúláàsì tíì wá, ife kan náà sì ni gbogbo wọn fi ń mu ún. Bàbá Lẹn àti Tẹ́rì ní ọ̀pá ìwọ̀ tó ní kẹ̀kẹ́. Bàbá mi kò ní. Ara igi kékeré kan ni wọ́n ká okùn mọ́, wọ́n á fi ọwọ́ fì í lórí fìn-ìn, fìn-ìn, wọ́n á sì jù ú, á lọ jìnnà ju ti Tẹ́rì lọ. Èyí kò dí Tẹ́rì lẹ́nu.

"Mọ́lá, ṣíbí nìyẹn. Ṣé o fẹ́ pa ẹja ni, àbí o fẹ́ po ṣúgà pọ̀ mọ́ odò?"

"Ìwọ gbájú mọ́ ekòló rẹ," ni bàbá mi á wí. "Ó jọ pé ó ti sùn lọ."

Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá Lẹn á kọ́kọ́ wúkọ́ ná. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan, ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń rí eyín bàbá mi.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹja. Láyé ìgbà náà, ìdọ̀tí àwọn iléeṣẹ́ ti pa odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń tún un ṣe, tí àwọn ẹja ń yọ́ padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ayálégbé tí onílé lé jáde tẹ́lẹ̀. Bàbá Lẹn gbà pé wọ́n ń bọ̀. Bàbá mi gba ohun tí Bàbá Lẹn gbà. Màmá mi kò gbà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni màmá mi, ìlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ òwú ju omi lọ, ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa ẹja ni pé ọjà la ti ń rà á. Sátidé ni ọjọ́ ọjà, òun náà ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀, Sátidé kan náà sì ni bàbá mi ń lọ wo omi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ti ń pè wọ́n ní ìyàwó apẹja, wọ́n á ní, "Ìyàwó apẹja, èló lẹ ra ẹja lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ ò rí i pé ó le.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bí màmá mi ṣe ń din ẹja tí wọ́n rà, wọ́n yíjú kúrò lórí iná.

"Bàbá Káyọ̀dé, ẹ gbọ́ o. Ọ̀la lòpin. Bí ẹ bá mú ẹja wálé lọ́la, ẹ máa lọ sódò yín títí ayé, ẹ kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Bí ẹ kò bá mú un wá, inú pàǹtí ni àwọn okùn yẹn ń lọ. Ẹ ó sì máa bá mi gbé báàgì ọjà ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run bá dá."

"Ìyá Káyọ̀dé, ẹja kì í mọ ọjọ́."

"Ẹ lọ sọ fún un. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè rẹ̀."

Bàbá mi mọ ohùn ìyàwó wọn tó bá ń ṣeré àti èyí tó bá ti ṣèpinnu. Mo rí i tí wọ́n wo igi okùn wọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì wo báàgì ọjà.

Lójú ọ̀nà odò lọ́jọ́ kejì, bàbá mi rán mi létí ohun kan tí mo ti mọ̀ láti inú ìtàn wọn. Ní ìletò wọn, ẹja àkọ́pa nínú omi tuntun kì í ṣe ti ẹni tó pa á. Ti ẹni tó fi omi náà hàn án ni. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e fún un. Ẹni tó bá jẹ ẹja àkọ́pa rẹ̀ fúnra rẹ̀, omi náà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo rò ó wò. Mo ní, "Dádì, bí a bá wá pa ọ̀kan, ti Bàbá Lẹn ni. Kí la ó gbé fún Mọ́mì?"

"A ó pa méjì," ni bàbá mi wí. Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí súfèé.

Oòrùn yọ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi ń kún bọ̀, àwọn ẹyẹ funfun sì ń já ṣòòròṣò sójú odò, ó wá hàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni bàbá mi so mọ́ okùn. Wọ́n ń rọra fà á, wọ́n á fà, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún fà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sà. Lójijì ni okùn dúró gan-an bí ẹni pé ó kọ́ òkúta. Òkúta náà wá sáré lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Tẹ́rì kò wúlò rárá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. "Fà á!" ló ń pariwo. "Má fà á! Jẹ́ kó sá! Ó ń sá lọ, Mọ́lá, kí ló dé tó o jẹ́ kó sá?" Bàbá mi kò gbọ́. Okùn ń gé wọn níka, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹja náà fi máa dé orí àtẹ̀gùn, mo ti ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Báàsì ni, ẹja òkun tó ń gba ẹnu odò wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí odò fúnra rẹ̀, ìhà rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ̀gún sì tò sí i lẹ́yìn bí eyín òòyà.

Bàbá mi wo ẹja náà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí òun kan náà ni èmi náà ń rò: ìkòkò màmá mi ti wà lórí iná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ wọn ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà síwájú Bàbá Lẹn, wọ́n sì sọ fún un lédè òyìnbó pé òun ló fi omi hàn àwọn.

Bàbá Lẹn náà ní àṣà tirẹ̀ tí àwa kò mọ̀. Nítorí gbogbo ọdún tí odò náà fi ṣófo, ó gbà pé báàsì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ lọ́dún, inú omi ló yẹ kó padà sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wálé, a kì í fi ìkòkò kí i káàbọ̀. Ó rò pé bàbá mi mọ̀. Ó rò pé iyì ńlá ni bàbá mi ń bù fún òun, pé kí òun fi ọwọ́ ara òun dá ẹja náà padà. Ó ṣí fìlà. Ó sọ̀rọ̀ sí ẹja náà létí, bí ẹja bá ní etí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eegun ogbó rẹ̀, ó sì la ọwọ́ sínú omi. Ẹja náà ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Tẹ́rì ń pàtẹ́wọ́. Omijé wà lójú Bàbá Lẹn.

Omijé fẹ́ wà lójú tèmi náà.

Bàbá mi gba ọwọ́ tí Bàbá Lẹn nà sí wọn, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sì ní, "Ẹ ṣeun, sà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju okùn títí omi fi kún dé òpin. Ẹja kejì kò wá.

A ti rìn dé ibi tí ilé wa fẹ́ yọ kí bàbá mi tó dúró. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ sọ fún ìyá rẹ?" Mo ní òtítọ́ ni. "Òtítọ́ yìí," ni bàbá mi wí, "irọ́ sàn jù ú lọ."

Ata ti ń hó nínú ìkòkò nígbà tí a wọlé. "Ẹja dà?" Bàbá mi ṣàlàyé, láti orí okùn títí dé orí omijé Bàbá Lẹn. Màmá mi fi ọwọ́ kan sí ìdí.

"Ẹ pa ẹja."

"Mo pa á."

"Ẹ gbé e fún òyìnbó."

"Ẹja àkọ́pa ni."

"Òyìnbó wá gbé e padà sínú omi. Bàbá Káyọ̀dé! Bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ parọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó gùn tó nìyí?"

Mo ní òtítọ́ ni, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo sì fi kan ahọ́n. Màmá mi wò mí títí. Wọ́n ká gbogbo okùn náà sínú ọ̀rá kan, wọn kò jù ú nù, orí àga ni wọ́n gùn tí wọ́n fi gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e mọ́, bàbá mi ò súfèé.

Wọ́n ti múra, wọ́n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàgì ọjà wà lórí itan wọn bí ọmọ ọlọ́mọ. Màmá mi jáde láti yàrá pẹ̀lú kóòtù, wọ́n wé gèlè bí ẹni ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n gun àga, wọ́n sọ ọ̀rá okùn náà kalẹ̀.

"Ẹ dìde. Ọmọ yìí kì í parọ́. Mo fẹ́ fi ojú mi rí òyìnbó tó ń fi oúnjẹ ọmọ mi bọ́ odò."

Bí a ṣe dé etí odò, màmá mi kí àwọn èèyàn náà tán, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá Lẹn torí orí ewú, wọ́n wá dìde, wọ́n ní, "Sà, ẹja mi dà?" Wọ́n ṣàlàyé ohun tí ẹja àkọ́pa jẹ́, àti ìkòkò tó wà lórí iná. Mo rí i bí ó ṣe ń yé Bàbá Lẹn díẹ̀díẹ̀. Ó wo bàbá mi. "Mọ́lá, fún mi ni? Kí n jẹ ẹ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, a sì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ikọ́. Tẹ́rì rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára.

Bàbá mi, tí wọ́n kò fẹ́ kí àkókò omi ṣòfò, ti ju okùn wọn. Màmá mi súnmọ́ wọn.

"Kí lẹ so mọ́ ìdí okùn yẹn?"

"Ìjẹ ni."

"Irú ìjẹ wo ló dán báun nígbà tí ẹ jù ú?"

Bàbá mi wo òkè. Wọ́n wo àwọn ẹyẹ.

"Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ṣíbí mi nìyẹn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, màmá mi ti já okùn gbà. Wọn kò fà á bí ará ọ̀sà, fà-kó-o-dúró, fà-kó-o-dúró. Bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga nígbà tí ilé ń jó ni wọ́n ṣe ń fà á, ọwọ́ lé ọwọ́, kí wọ́n lè rí ṣíbí wọn. Ṣíbí náà ń sáré nínú omi, ó ń kọ mànà. Ó wá hàn pé ohun tí àwọn báàsì odò náà ti ń retí láti ọjọ́ yìí ni kí nǹkan sáré. Nǹkan gbá ṣíbí náà mú. Okùn nà gbọnrangandan. Màmá mi kígbe pé, "Ta ló ń fa ṣíbí mi?" wọn kò sì dẹwọ́.

"Jẹ́ kó sá!" ni Tẹ́rì ń wí. "Fà á!"

Màmá mi kò jẹ́ kó sá lọ síbì kankan. Báàsì kejì nígbèésí ayé mi gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú ìbínú, òdòdó kékeré inú ṣíbí náà sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Lẹn na ọwọ́ jẹ́jẹ́, bóyá láti bá a yọ ìwọ̀. Bàbá mi tún ohùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ìyá Káyọ̀dé, o mọ̀ pé ẹja àkọ́pa…"

"Ní Ìsẹ́yìn tiwa," ni màmá mi wí, "kò sí ọ̀sà. Ẹni tó bá pa ẹja ló ń gbé e lọ sílé." Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi wé ẹja náà láti orí dé ìrù, wọ́n sì gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ náà ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ilé wa gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ọbẹ̀ náà ta. Bàbá Lẹn sunkún lẹ́ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ méjì, ó mu omi, ó tún na abọ́ pé kí wọ́n bu sí i. Ọ̀rọ̀ pàǹtí kò wáyé mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò tún ní Sátidé tó jẹ́ tiwọn nìkan mọ́, torí màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí tètè ṣe ọjà kí wọ́n lè bá wa níbẹ̀, wọ́n á sì máa sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ń fa okùn jẹ́jẹ́ jù. Nígbà mìíràn màá rí i tí bàbá mi àti Bàbá Lẹn wo ojú ara wọn. Àwọn ṣíbí tó kù? Màmá mi fọwọ́ ara wọn mú wọn wá.

Lẹ́yìn tí bàbá mi yege ìdánwò wọn, a padà sílé. Bàbá Lẹn kú láìpẹ́ sígbà náà. Tẹ́rì ló kọ ìwé sí wa. Èmi di olùkọ́, mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọmọ mi sì ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ, bí mo ṣe tún rí ara mi létí odò yìí nìyẹn. Ilé tí a gbé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní Southmere, nínú Thamesmead yìí, níbi tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé kọnkéré gíga nígbà ọmọdé mi, tí a máa ń lọ wò bí ẹni wo ìlú ọ̀run, wọ́n ti wó díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti kọ́ tuntun. Ìjẹ ayédèrú òde òní, rọ́bà ni, ó ní ojú àti ìpẹ́, ó lẹ́wà ju ẹja lọ. Fóònù ló ń sọ ìgbà tí omi máa kún. Òfin sì ti wà fún báàsì báyìí: ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, èyí tó bá kéré ń padà sómi, àwọn oṣù kan sì wà tí gbogbo wọn ń padà. Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn pé kí wọ́n lọ ka òfin náà kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Inú Bàbá Lẹn ì bá dùn.

Àwọn nǹkan kan kò yí padà. Omi ṣì ń wọlé, ó ṣì ń jáde, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ìwọ̀lú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ títí di òwúrọ̀ láàárín àwọn tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ ṣì nílò ibì kan tí wọ́n ti máa gbìyànjú rẹ̀. Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ tí òyìnbó àgbà tó ń pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ń pe ọmọbìnrin náà ní Dámi. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ti dé ìtòsí.

Bàbá mi ti sùn nínú Olúwa. Màmá mi wà ní Ìsẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé pérépéré. Títí bàbá mi fi lọ ni àwọn méjèèjì fi ń jiyàn lórí ẹja tó tóbi jù, èyí tí bàbá mi pa tó padà sódò, àbí èyí tí màmá mi pa tó wọ ìkòkò. Bàbá mi á ní kò sí àfiwé. Màmá mi á ní ẹja tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ló máa ń tóbi. Ní alẹ́ àná, nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù tí mo sọ fún wọn nípa àwọn ọ̀dọ́ etí odò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo sọ bí ẹja wọn ṣe tóbi tó fún wọn. A kò gbọ́ ìró Tẹ́rì mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà èmi àti màmá mi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ṣì wà láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀, nínú àwa méjèèjì, èmi nìkan ló sì rí ẹja méjèèjì. Mo wò wọ́n dáadáa. Mo mọ èyí tó tóbi jù.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí á dé Ìsẹ́yìn, màmá mi ṣì ń kàwé láìlo awò ojú.